Àtẹ̀gùn Láwoyin Létí Odò Atọ́rọ́

Ìtàn yìí kò ní gùn. A fi ojú tí kò rẹ́rìn-ín ṣèlérí rẹ̀, ẹni tó bá sì rí i pé ó ti fẹ́ gùn, kí ó gbà á lẹ́nu wa kí ó bá wa parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn kan lásán ni, àtẹ̀gùn náà kò sì ju ibi tí obìnrin tó ń tiro lè sọ̀ dé láì sinmi lọ.

Ní ìlú Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, láyé ìgbà tí sìmẹ́ńtì ṣì jẹ́ àlejò, tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi ìka tọ́ ọ wò bóyá elùbọ́ kan ni, ọkùnrin mọlémọlé kan wà tó ń jẹ́ Láwoyin. Amọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ amọ̀ débi pé bí ó bá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ìka rà á, á sì sọ fún ọ bóyá ilé tí a bá fi mọ yóò dúró de ọmọ-ọmọ rẹ tàbí yóò wó lé ìwọ gan-an lórí. Ilé tí ó mọ nílùú náà pọ̀ ju èyí tí kò mọ lọ. Àwọn tí kò mọ náà sì ti wó.

Òfin kan ṣoṣo ni Láwoyin ní, ó gbà á lọ́wọ́ baba rẹ̀, baba rẹ̀ náà sì gbà á lọ́wọ́ baba tirẹ̀: omi ni ọ̀tá ilé. Lóòótọ́, omi ni a fi ń po amọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pò ó tán, tí a fi ẹsẹ̀ gún un, tí a sì to ìpele kan sórí ìpìlẹ̀, àwa àti omi ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Oòrùn ló kù. A ó fi ìpele náà sílẹ̀ fún oòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú kí a tó to òmíràn lé e, bí ojú ọ̀run bá sì ṣú, a ó sáré fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bí obìnrin kan bá ru omi kọjá lẹ́bàá ògiri tútù Láwoyin, á dìde dúró, á sì fi ojú sìn ín títí yóò fi lọ, bí ìgbà tí ajá dìgbòlugi bá ń kọjá níwájú ilé.

Ayọ̀ká ni ìyàwó rẹ̀. Ẹlẹ́kọ ni. Ẹlẹ́kọ kò sì lè ṣe kí ó má bá omi ṣọ̀rẹ́: omi ni a fi ń rẹ àgbàdo, omi ni a fi ń sẹ́ ògì, omi náà ni a fi ń rò ó. Nítorí náà, nínú ilé kan ṣoṣo, ọkọ ń sá fún omi, aya ń lépa rẹ̀, wọ́n sì gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀ láì jà títí wọ́n fi fi ọmọ wọn, Wúràọlá, fún ọkọ.

Ọ̀nà odò ni ìdààmú wọn. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni odò Atọ́rọ́ wà, ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Ọdọọdún ni Láwoyin máa ń fi amọ̀ mọ àtẹ̀gùn síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdọọdún náà ni òjò máa ń kó àtẹ̀gùn ọ̀hún lọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, tí wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìpele kan rà mọ́ Ayọ̀ká lẹ́sẹ̀ bí ó ti ń ru ìkòkò bọ̀. Ìkòkò fọ́. Egungun itan Ayọ̀ká náà dá. Oníṣègùn egungun tò ó, ó sì jinná, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Ayọ̀ká ti ń tiro.

Kò bú ọkọ rẹ̀, kò sì sunkún. Èyí gan-an ló ba Láwoyin lẹ́rù.

"Bàbá Wúrà," ó wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ẹ wo ẹsẹ̀ yìí. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá dé tí mi ò rí ibi gidi gbé ẹsẹ̀ lé dé odò, mo ń lọ sọ́dọ̀ Wúràọlá ní Òkè-Agbọn. Kànga wà lẹ́yìnkùlé wọn. Mi ò lọ fẹ́ ọkọ o, omi ni mo ń lọ bá. Ẹ ó máa wá kí mi."

Láwoyin ní òun yóò máa pọn omi fún un. Ó sì gbìyànjú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n orí tí kò ru omi rí kì í gba ìkòkò. Nígbà tí yóò bá fi délé, aṣọ rẹ̀ ló ti pọn omi, ìkòkò kò pọn nǹkan kan. Ayọ̀ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó lọ sá aṣọ.

Ọjọ́ náà ni Láwoyin pinnu. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó kàn lọ dúró lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó wo odò, ó sì sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò mọ àtẹ̀gùn tí omi kò ní lè gbé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò kó irinṣẹ́ òun jù sínú odò yìí kan náà.

Múníru, ọkọ Wúràọlá, ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Òun ló kó àpò sìmẹ́ńtì wá láti Èkó. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ti ń lò ó: kí Bàbá pò ó mọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n bu omi sí i, kí wọ́n dà á sáàárín pákó, bó bá ṣe díẹ̀, ó le nìyẹn. Láwoyin béèrè pé lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́. Múníru ní òun kò mọ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí òun kì í dúró. Ẹni tó sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ kì í wọlé lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbé.

Òjò winniwinni kan ti pàdé ọkọ̀ náà lọ́nà, ó sì rin àpò kan tó wà létí. Nígbà tí Láwoyin máa fi tú àpò náà, òkúta ló bá nínú rẹ̀, òkúta tó ní ìrísí àpò, tó ní ìṣẹ́po àpò lára, tó tilẹ̀ ní etí méjèèjì. Ó pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wò ó.

"Ẹ rí i?" ó wí, tìdùnnú-tìdùnnú, bí ẹni tí ọwọ́ tẹ ọ̀tá rẹ̀ nídìí olè. "Omi ló bà á jẹ́ báyìí. Kò sí ohun tí omi kì í bà jẹ́."

Ọ̀jẹ́dọkun wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Láwoyin ni, agbọ̀n ló ń hun, orí ọ̀nà odò gan-an ló sì máa ń jókòó sí láti hun ún, kí ọwọ́ lè ṣiṣẹ́ kí ẹnu náà má baà wà lásán. Ó yí òkúta náà po, ó ní bí ó bá ti bàjẹ́, kí wọ́n fún òun. Wọ́n yí i lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì di àga rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé òun kò tíì rí ohun tó bàjẹ́ tó sì gba ìdí ènìyàn báyẹn rí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí odò fà sẹ́yìn, Láwoyin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní ìpele-ìpele, ó to pákó, ó po sìmẹ́ńtì. Ó ṣàkíyèsí pé nǹkan náà ń jẹ òun lọ́wọ́ bí ọṣẹ dúdú tí eérú rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan èyí tí ó dà láàárọ̀, ara rẹ̀ ń gbóná. Láwoyin mi orí. Ó ní omi ti kó ibà bá a, oògùn ibà náà kò sì ju oòrùn lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ògiri amọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nítorí ìrì. Láàárọ̀, á ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn àti ọyẹ́. Ó kìlọ̀ fún àwọn obìnrin tó ń pọn omi pé kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹni tí omi bá kán sílẹ̀ lára ìkòkò rẹ̀ yóò sì fẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Àwọn obìnrin bá ń gba inú igbó lọ sódò, nítorí pé wọ́n ń ṣe ọ̀nà fún wọn.

Ìpele ìsàlẹ̀ nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi amọ̀ sé odò kí ó má baà kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, odò ti já amọ̀, omi sì ti bo ìpele náà mọ́lẹ̀. Láwoyin dúró létí omi, ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ó dìgbà." Ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí a ti ń fi òkú sílẹ̀ fún ilẹ̀, kò tún bojú wo ìhà ibẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn tó kù gbẹ. Wọ́n funfun, wọ́n sì dára lójú. Láwoyin fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ayọ̀ká tẹ ìpele òkè, ó gbà á. Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, nǹkan dún kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó ti tẹ ẹ̀kẹta báyìí, etí ìpele náà rún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí àkàrà àná. Bí kì í bá ṣe pé Láwoyin ti gbá a mú, itan kejì ì bá ti bá ti àkọ́kọ́ lọ. Láwoyin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná họ ojú ìpele náà. Ìyẹ̀fun ló ń họ.

Lókè, Ọ̀jẹ́dọkun kò gbé ojú kúrò lára agbọ̀n rẹ̀.

"Láwoyin," ó wí, "ṣé o bi Múníru dáadáa? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ elùbọ́ ni lóòótọ́. Gbé omi kaná, kí n lọ wá ọbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Ayọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn ìkòkò rẹ̀, ó ń ti kékeré bọ inú ńlá. Obìnrin kì í to ìkòkò báyẹn bí kò bá ní ibi tó ń lọ.

Láwoyin gbé dígà, ó padà sí odò, ó ní òun ń lọ kó òkú kúrò lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Dígà kò tiẹ̀ nílò agbára. Bí ó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó wọlé, ìpele náà á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bí ó ti ń fọ́ wọn ni inú ń bí i sí i, bí inú sì ti ń bí i ni ó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi wọ inú omi, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ dígà lé ìpele ìsàlẹ̀.

Dígà ta padà. Ọwọ́ Láwoyin gbọ̀n títí dé èjìká, eyín rẹ̀ sì lu ara wọn. Ó rò pé àpáta ni òun bá. Ó tún un sọ. Nígbà tí ó fa dígà jáde, ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀. Láwoyin gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó sì fọwọ́ pa ojú ìpele náà. Ó tutù, ó jọ̀lọ̀, igun rẹ̀ ṣì mú. Ó jókòó lé e, omi sì dé e ní ìbàdí.

Nígbà tó yá, Ọ̀jẹ́dọkun wá yọjú láti òkè.

"Láwoyin, kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń ronú."

"Nínú omi?"

"Inú omi ni ọ̀rọ̀ náà wà."

Ọ̀jẹ́dọkun padà sídìí agbọ̀n. Ó sọ fún àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n rọra máa kí Láwoyin, pé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́ lára.

Ayọ̀ká ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú ewé nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, tí omi ń ro tótó lára rẹ̀. Láwoyin sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwọn tí òun fi ewé bò, tí òun fi oòrùn tọ́, wọ́n di ìyẹ̀fun. Èyí tí òun ti sin, tí òun kò bojú wò, ìyẹn ló tẹ dígà òun lẹ́nu. Ó ní bí bàbá òun bá wà láyé, òun ì bá lọ bi í pé irú èwo nìyí.

Ayọ̀ká kò dá iṣẹ́ dúró. "Bàbá Wúrà, ta ló sọ fún yín pé gbígbẹ ló ń gbẹ? Ẹ wo ẹ̀kọ yìí, ó ti ń dì lójú yín. Ṣé oòrùn ló mú un dì? Omi tí mo fi rò ó ńkọ́, ibo ló gbà lọ? Kò lọ síbì kankan. Ó ti di ẹ̀kọ. Bí mo bá ní kí n sá a sóòrùn kí ó lè le, á kàn sán ni, á sì rún."

Láwoyin dúró lójú kan. Ara gbígbóná tí ó pè ní ibà padà sí i lọ́kàn. Ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ náà a máa gbóná lára, kò sì sí ẹni tí í fi ewé bò ó pé àìsàn ló ń ṣe é.

"Àpò tí òjò rin yẹn," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "kò bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Àwa la jẹ́ kí ó ṣe é sínú àpò."

"Ọ̀jẹ́dọkun ló sì gba èrè rẹ̀," ni Ayọ̀ká wí.

Níbí yìí, ó yẹ kí a sọ ohun tí wọn kò mọ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí idán. Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń sun pọ̀ kí wọ́n tó rí sìmẹ́ńtì, nínú iná tí ti alágbẹ̀dẹ jẹ́ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kálísíọ́mù wà nínú ẹfun náà, irú èyí tó wà nínú egungun ènìyàn, títí kan itan Ayọ̀ká. Iná á so ó mọ́ ohun tó wà nínú amọ̀ títí wọn kò fi ní dá ara wọn mọ̀ mọ́, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Iná yìí kò fi omi sílẹ̀ lára rẹ̀ rárá, nítorí náà tòun ti òùngbẹ ni wọ́n ń di sìmẹ́ńtì sínú àpò. Ọjọ́ tó bá kan omi, kì í rẹ bíi gààrí kí ó tún gbẹ padà bíi gààrí. Ó ń gba omi sára, òun àti omi á jọ di nǹkan mìíràn, ooru á sì máa jáde. Nǹkan tuntun yìí á máa ta ẹ̀gún tín-ín-tìn-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀gún eléyìí á kọ́ tọ̀hún, wọ́n á há yanrìn àti òkúta mọ́ àárín, kò sì ní sí ẹni tó lè là wọ́n mọ́. Lára kálísíọ́mù inú rẹ̀, oníkánjú wà tó máa ń ṣe tirẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni onísùúrù wà tí yóò ṣì máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà bá ti ń rìn. Ṣùgbọ́n àtoníkánjú àtonísùúrù, omi ni oúnjẹ wọn. Bí oòrùn àti ọyẹ́ bá gba omi náà lẹ́nu wọn, wọ́n á ju iṣẹ́ sílẹ̀ síbi tí wọ́n bá a dé. Ohun tí Láwoyin ṣe gan-an nìyẹn: ó kó àwọn òṣìṣẹ́ wálé, ó sì gbé oúnjẹ wọn pamọ́ kí wọ́n má baà yó.

Ó bẹ Ayọ̀ká pé kí ó dúró di àkọ́rọ̀ òjò. Ayọ̀ká gbà, ṣùgbọ́n kò tú ìkòkò rẹ̀.

Láwoyin bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì tó kù. Bí ó sì ti jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹ̀sìn padà ló ń pariwo àdúrà jù, ó ti fẹ́ po ti ọ̀tẹ̀ yìí kí ó ṣàn bí ògì. Ayọ̀ká, tó jókòó tì í lórí àpótí, ló dá a dúró. Ó ní a kì í tìtorí pé ọmọ yóò mumu kí a bí i sínú odò. Láwoyin bá pò ó kí ó ki, ó dà á sáàárín pákó, ó sì dúró títí ó fi le débi pé àtàǹpàkò kò lè sàmì sí i mọ́. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́ àpò ìdọ̀họ lé e, ó bu omi kún agbè, ó sì dúró.

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi lé ohun tí ó mọ rí. Àtìgbà tí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́ ni ọwọ́ náà ti mọ̀ pé kò yẹ. Ó di ojú, ó yí agbè dànù sórí ìdọ̀họ náà, ó sì ń retí kí iṣẹ́ náà yọ́. Nígbà tí ó la ojú, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó lọ bu òmíràn.

Báyìí ló ṣe ń bá a lọ. Ilẹ̀ á mọ́, Láwoyin á bomi rin àtẹ̀gùn. Oòrùn á kan àtàrí, á tún bomi rin ín. Bí ó bá kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, á tún padà. Orí rẹ̀ mọ ìkòkò rù tipátipá. Gbogbo ìlú ń wá wò ó. Àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ Ayọ̀ká bóyá ọkọ rẹ̀ ń sùn dáadáa. Ọkùnrin tó ti fẹ́ gbé iṣẹ́ ilé fún un gbé e fún ẹlòmíràn, ó ní òun kò lè fi ògiri òun lé ẹni tó ń wẹ̀ fún òkúta lọ́wọ́. Èyí dun Láwoyin, nítorí ilé ńlá ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà odò ló ti gbọ́ ìròyìn náà, agbè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó rin ìpele tó kù.

"Ìgbà wo ni yóò so?" ni Ọ̀jẹ́dọkun bi í.

"Bó bá so, n óò fi àkọ́so rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ."

"Fi ewé rẹ̀ kún un. Mo lè fi hun agbọ̀n."

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀yìn mú Láwoyin tí kò lè dìde. Odindi ọjọ́ kan ni ó fi dùbúlẹ̀ tó ń gbọ́ bí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tó sì ń rò ó pé omi ti tán lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ òun. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó fi igi tilẹ̀ dé odò. Ìdọ̀họ tutù rinrin. Ó wo òkè. Ọ̀jẹ́dọkun ń hun agbọ̀n, ṣòkòtò rẹ̀ sì tutù títí dé orúnkún.

"Ìrì ló sẹ̀," ni Ọ̀jẹ́dọkun wí.

Nínú ọyẹ́. Láwoyin ní òun náà rí i pé ìrì pọ̀.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ojú ọ̀run ṣú. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó rọ̀ débi pé odò Atọ́rọ́ kúrò nísàlẹ̀, ó gòkè wá wo ìlú. Ó gbé igi àràbà kan lọ tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Ó wó ògiri ilé tuntun tí ọkùnrin ọjọ́sí gbé fún ẹlòmíràn mọ. Nígbà tí òjò dá tí odò sì padà sí àyè rẹ̀, Múníru ti gbé ọkọ̀ dé láti wá kó ìyá ìyàwó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ti kó ìkòkò sínú ọkọ̀. Ayọ̀ká ti wé gèlè ìrìn-àjò. Ó ní kí wọ́n dúró ná, kí òun lọ fojú rí i, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu ni òun fi lọ.

Gbogbo ilé bá a lọ. Ilẹ̀ pupa ti ya lọ lọ́tùn-ún, ó ti ya lọ lósì. Àtẹ̀gùn náà wà láàárín, òjò ti fọ̀ ọ́ mọ́, ìpele kan kò yẹ̀.

Ayọ̀ká gba ọ̀pá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tó dá sílẹ̀ ṣáájú. Láwoyin kò tẹ̀ lé e. Ayọ̀ká sọ̀, ó dúró, ó fi ọ̀pá gún ibi tí ó dúró sí, ó tún sọ̀. Ó dé àárín, ó dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ̀ títí ó fi dé etí omi, ó bomi bọ́jú, ó sì yíjú padà sókè.

"Bàbá Wúrà," ó pè é. "Ti àárín yìí ga díẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi."

Láwoyin mọ̀ pé obìnrin tó ń lọ kì í ṣàròyé gíga àtẹ̀gùn.

"N óò wá nǹkan ṣe sí i," ó wí.

"Ẹ tètè ṣe é. Mo ní àgbàdo láti rẹ lọ́la."

Múníru kò dúró gba àlàyé. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìkòkò kalẹ̀, ńlá ṣáájú, kékeré tẹ̀ lé e. Ọ̀jẹ́dọkun bá a mú ọ̀kan, ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: "Omi tó ń wó ilé amọ̀, òun náà ló ń mú sìmẹ́ńtì le."

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù: ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí mọ sáàárín wa. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ṣì wà tí wọ́n gbà pé oòrùn ló ń mú sìmẹ́ńtì le, wọ́n sì ti kọ́lé fún wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí àwa ṣì wà nínú ilé.